Òru Mélòó Lẹ Máa Sùn Níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ẹgbẹ́ Ibùdó RV ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí mílíọ̀nù 11.2 ìdílé ló ní RV, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí àjọ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà gbé jáde ní 2021. Ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ni RV. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì tiwọn, ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n sì fi ń fa àwọn yòókù. Àgbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ra ilé tó ń rìn, ṣùgbọ́n kò tíì ra ilẹ̀ tí yóò gbé e kà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó ní láti wá ibi tí yóò ti fa iná mànàmáná, tí yóò ti rí omi ẹ̀rọ, tí yóò sì ti da omi ìdọ̀tí inú táńkì rẹ̀ nù. Ibùdó ọkọ̀ ni wọ́n ń yà sí fún èyí. Ibùdó aládàáni tó bá dára díẹ̀ lè gba dọ́là 40, 50, tàbí 70 lọ́wọ́ ẹni fún òru kan ṣoṣo. Níbi tí owó òru bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun onímọ́tò ni àwọn tó ń ta ẹgbẹ́ ibùdó ti ń pàdé rẹ̀. Wọ́n á ní kó san iye báyìí lọ́dún, kó wá máa sùn láìsan kọ́bọ̀ mọ́, tàbí kó máa san ìdajì.

Ọjà yìí kì í ṣe jìbìtì, ó sì ti ṣe àwọn kan láǹfààní tó pọ̀. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni ìṣirò tí ẹni tó fẹ́ rà á ń ṣe. Iye òru tí ẹgbẹ́ gbà á láàyè láti sùn ló ń kà, ó sì máa ń rí i pé owó náà kéré lójú irú òru bẹ́ẹ̀. Òru tó yẹ kó kà ni èyí tí ì bá ti sùn ní àwọn ibùdó wọ̀nyẹn gan-an, ká ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹgbẹ́ rárá. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ olówó kékeré máa ń tètè dá owó wọn padà, àwọn olówó ńlá sì máa ń dára fún ẹni tó ń gbé inú ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣeré nígbà ìsinmi nìkan, owó ìgbéraga ni ti olówó ńlá náà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí òwò náà ṣe rí fún ẹni tó ń tà á, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Milton Kuolt ló dá Thousand Trails sílẹ̀ ní 1969, ó fi ibùdó kan nítòsí Chehalis ní ìpínlẹ̀ Washington bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ilé-iṣẹ́ náà ní nǹkan bí ọgọ́rin ibùdó, ó sì ti di ti Equity LifeStyle Properties, ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ ní ọjà New York. Ìwọ̀n àyè tó wà nínú ibùdó ní òǹkà, ṣùgbọ́n iye ọmọ ẹgbẹ́ tí a lè gbà fi ìlọ́po-ìlọ́po jù ú lọ, níwọ̀n bí gbogbo wọn kò ti ní dé lọ́jọ́ kan náà. Owó àwọn tí kò wá ló ń gé koríko fún àwọn tó wá. Ní àwọn ọdún 1980, irú òwò yìí gbilẹ̀ gan-an. Wọ́n á pe tọkọtaya pé kí wọ́n wá gba ẹ̀bùn ọ̀fẹ́, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ dídùn dá wọn dúró títí di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọ̀ràn náà le débi pé ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí òwò ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí títa irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò rí bákan náà. Àwọn kan ń ta ẹ̀dínwó lásán. KOA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Billings, Montana, ní 1962, ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ibùdó rẹ̀ tó lé ní 500. Good Sam, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, ń ṣe irú rẹ̀ ní nǹkan bí 2,000 ibùdó. Ti Passport America jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdajì owó òru ni ọmọ ẹgbẹ́ ń san, owó ọdún kan rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju dọ́là 44 lọ. Harvest Hosts, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń so onímọ́tò pọ̀ mọ́ àwọn àgbẹ̀, àwọn tó ń pọn wáìnì àti àwọn tó ń pọn bíà, kí ó lè sùn sí ilẹ̀ wọn ní òru kan láìsan owó ilẹ̀. Thousand Trails sì ń ta ìwé ọdún kan fún agbègbè kan nínú márùn-ún tí wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí, iye rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín dọ́là 600 sí 750.

Ká mú èyí tó wọ́n náà, ká sọ pé dọ́là 700 ni. Bí ẹni kan bá ti máa ń sun òru mẹ́rìnlá lọ́dún ní ibùdó tó ń gba dọ́là 50, dọ́là 700 náà ló ń ná tẹ́lẹ̀. Òru kẹẹ̀ẹ́dógún ni èrè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òru mẹ́rìnlá kò dún bí ohun tó pọ̀, ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi ń tà. Àmọ́ ibùdó olówó 50 kọ́ ni gbogbo ènìyàn ń sùn. Ní ọgbà ìpínlẹ̀, níbi tí òru kan lè jẹ́ dọ́là 30, òru mẹ́rìnlélógún ni ẹni náà gbọ́dọ̀ sùn kó tó lè sọ pé òun kò pàdánù. Ní àwọn ibùdó ìjọba àpapọ̀ tó wà lẹ́bàá adágún omi, èyí tí ẹ̀ka àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń bójú tó, òru kan tòun ti iná mànàmáná sábà máa ń jẹ́ dọ́là 20 sí 30. Ẹni tó bá ti pé ọdún 62, tó sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà tàbí tó ní ìwé ìgbélùú títí láé, lè fi dọ́là 80 ra káàdì àgbàlagbà tí yóò lò títí tí yóò fi kú, káàdì yìí sì ń gé owó òru sí méjì ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba àpapọ̀. Ìdajì dọ́là 24 ni 12. Kí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ tó fi dọ́là 700 jèrè ohunkóhun, ó ní láti sùn ju òru 58 lọ ní ibùdó ẹgbẹ́. Káàdì yìí tọ́ sí àwọn òbí wa tó ti gba ìwé ìgbélùú títí láé níbẹ̀ náà. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ kan tún wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá fún ẹni tó ní àbùkù ara tí kò ní lọ, àǹfààní ìdajì owó náà sì wà lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ ìjọba tí kò ní owó rárá tún wà. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àjọ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn BLM, gba ènìyàn láàyè láti gbé ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ sí ibi tó pọ̀ nínú aṣálẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá nínú ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Quartzsite, Arizona, dọ́là 180 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ dúró láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ dọ́là kan fún òru kan. Kò sí iná tàbí omi láti fà sínú ọkọ̀ níbẹ̀, oníkálukú ló sì ń wá ẹ̀rọ amúnáwá olóòrùn tirẹ̀. Àwọn kan kórìíra èyí, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kórìíra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi owó ẹgbẹ́ wé òfo, nítorí òfo ni yóò ná bí kò bá wọ ẹgbẹ́.

Ìwé ọdún kan náà tún ní àwọn òfin tó ń gé òru kù. Ẹni tó bá ní ìwé lásán láti Thousand Trails lè lo ọjọ́ mẹ́rìnlá nínú ibùdó kan, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú gbogbo ibùdó wọn fún ọjọ́ méje. Bí kò bá lo ju òru mẹ́rin lọ ní ibì kan ni wọ́n tó gbà á láàyè láti bọ́ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú ló lè gba àyè sílẹ̀. Àwọn tó ti san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là fún ìwé tó ga jù lè gbà á ṣáájú rẹ̀ dáadáa, nítorí náà nígbà òtútù ní Florida, tàbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn létí òkun Oregon, ẹni ọgọ́ta ọjọ́ lè dé kó rí i pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ti gba gbogbo àyè. Àwọn ibùdó náà sì tún ń ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń háyà rẹ̀ fún odindi ọdún. Bákan náà, ibùdó wọn pọ̀ sí etí òkun Pacific, Texas àti Florida. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà ní Yellowstone lè ra ìwé náà kó má rí ibùdó wọn kankan ní Wyoming àti Montana.

Epo ọkọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àwọn tó ń ta ìwé kì í sì í dá a sílẹ̀. RV tó tóbi lè máà rìn ju máìlì 8 lọ lórí gálọ́ọ̀nù epo kan. Bí ibùdó ọ̀fẹ́ bá mú kí ẹ yà kúrò lọ́nà fún máìlì 100 ní àlọ àti àbọ̀, gálọ́ọ̀nù 12 àti ààbọ̀ ti lọ. Bí gálọ́ọ̀nù bá jẹ́ dọ́là 3.50, ó lé ní dọ́là 43 tí òru ọ̀fẹ́ náà gbà lọ́wọ́ yín. Ti Harvest Hosts náà rí bẹ́ẹ̀: àlejò ni ẹ jẹ́ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n sì ń retí kí ẹ ra wáìnì tàbí wàràkàṣì tó tó dọ́là 20 tàbí 30. Bí ẹ bá máa ń ra wáìnì tẹ́lẹ̀, ó dáa. Bí ẹ kì í bá mu ọtí, owó òru lẹ san ní orúkọ mìíràn.

Ẹnìkan lè ní: ó dáa, n kì í sùn tó òru mẹ́rìnlá báyìí, ṣùgbọ́n tí mo bá ti sanwó, màá máa jáde. Àtakò tó wọ́pọ̀ jù nìyí, ẹ̀rí sì wà lórí rẹ̀ láti ibi mìíràn. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2006 lórí àwọn ilé eré ìdárayá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó lé ní 7,000 wò. Àwọn tó ń san owó oṣù, èyí tó lé ní dọ́là 70, ń lọ ní ìgbà mẹ́rin àti díẹ̀ lóṣù, ìyẹn ni pé wọ́n ń san ju dọ́là 17 lọ fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹni tó ra ìwé ìgbà mẹ́wàá ń wọlé ní dọ́là 10. Nínú mẹ́wàá wọn, nǹkan bí mẹ́jọ ni ì bá ti dín owó kù ká ní wọ́n ń san án lójú ẹsẹ̀. Ó tún ju oṣù méjì lọ láàárín ìgbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn àti ìgbà tí wọ́n tó fagi lé ìforúkọsílẹ̀ wọn. Àwọn ènìyàn yìí kò ya òmùgọ̀. Ẹni tí wọ́n retí pé àwọn máa dà ni wọ́n sanwó fún, kò sì yọjú. Bó bá le báyìí fún ilé eré ìdárayá tó wà ní ìtòsí ilé, ẹ wo bí yóò ti rí fún ibùdó tó jìn ní wákàtí mẹ́rin.

Bí owó tí ẹ san bá sì wá lé yín jáde ńkọ́? Kò dájú pé èrè ni. Ní 1985, Hal Arkes àti Catherine Blumer bi àwọn ènìyàn léèrè pé ká ní wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò méjì fún eré yíyọ̀ lórí yìnyín, ọ̀kan ní dọ́là 100 sí Michigan, èkejì ní dọ́là 50 sí Wisconsin, tó sì jẹ́ pé èyí tí wọ́n san 50 lé lórí ni wọn yóò gbádùn jù, àmọ́ ọjọ́ kan náà ni méjèèjì bọ́ sí. Àwọn tó ju ìdajì lọ yan Michigan, nítorí pé òun ni wọ́n san owó ńlá lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ẹgbẹ́ ṣe ń darí onímọ́tò. Ibi tó wù ú láti rí ń bẹ ní Utah, ṣùgbọ́n ibi tó ti sanwó sílẹ̀ ni yóò wa ọkọ̀ lọ, kó má bàa dà bí ẹni tó fi owó ṣòfò.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní àgbègbè Houston kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Thousand Trails ní ibùdó kan lẹ́bàá adágún Conroe ní Willis, ìhà àríwá ìlú náà, olú ilé Escapees, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò RV mìíràn, sì wà ní Livingston, tí kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Ìdílé tó ti ra ọkọ̀ RV láàárín wa lè wo bí ibẹ̀ ti súnmọ́ tó kó sì ní òun á máa lọ lóṣooṣù. Kó mú kàlẹ́ńdà rẹ̀ sílẹ̀ ná. Òpin ọ̀sẹ̀ tí òde ìgbéyàwó kò bá gbà, iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn lè gbà á, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsálátù náà ní tirẹ̀; ìsinmi ọdún sì wà fún Èkó tàbí Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá. Òru mélòó ló kù? Fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ìwé Passport America tó ó tán: bí òru kan bá jẹ́ dọ́là 50, òru méjì péré ti dá owó ọdún náà padà. Kí wọ́n kàn rántí pé ọ̀pọ̀ ibùdó kì í fúnni ní ìdajì owó yẹn ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí nígbà ọdún, òmíràn kì í sì í ju òru kan tàbí méjì lọ.

Àtakò tó lágbára jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ta ilé wọn, tí wọ́n ń gbé inú RV láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń lo ọjọ́ mẹ́rìnlá nínú, méje lóde, nǹkan bí òru 243 ni yóò sùn sí ibùdó ẹgbẹ́ lọ́dún, dọ́là 700 yẹn kò sì tó dọ́là mẹ́ta fún òru kan. Ká tiẹ̀ ní ó san dọ́là 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú òru 122 tó kù, gbogbo rẹ̀ kò ju dọ́là 4,360 lọ lọ́dún, ìyẹn dọ́là 12 fún òru kan. Ó ṣòro kí ènìyàn tó rí yàrá háyà ní iye yẹn ní California. Òun kan náà ló lè fara da ìyà gbígba àyè ní ọgọ́ta ọjọ́ péré ṣáájú, nítorí kò sí ọ̀gá níbi iṣẹ́ tó ń yan ọjọ́ ìsinmi fún un. Bí Florida bá kún, yóò gba ibòmíràn lọ. Àwọn ẹgbẹ́ kan sì wà tí ohun tí wọ́n ń tà ju òru lọ. Escapees, tí Joe àti Kay Peterson dá sílẹ̀ ní 1978, ń gba lẹ́tà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ibikíbi tí wọ́n bá wà. Ẹni tí kò ní ilé mọ́ nílò àdírẹ́sì kó tó lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kó sì tó lè dìbò. Èmi ò ní bá ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí owó ẹgbẹ́ náà.

Ohun tí mo ń bá jiyàn ni ìwé ayérayé. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé owó ibùdó ń lọ sókè lọ́dọọdún, ẹ yáa san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ bọ́. Ẹ kò bọ́, torí pé owó ẹgbẹ́ ọdọọdún kò dúró, ìyẹn náà sì lè máa gòkè. Bí ara bá ṣàìsàn, tàbí tí ẹ bá ta ọkọ̀ náà, gbèsè ọdọọdún ṣì ń bẹ lọ́rùn yín títí ẹ ó fi rí ẹni gbà á tàbí tí ilé-iṣẹ́ bá gbà láti tú yín sílẹ̀. Ọjà àlòkù ló sọ iye tí ìwé náà tó ní tòótọ́. Ìwé tí ẹni àkọ́kọ́ ra ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún máa ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó tó kéré gan-an, àwọn mìíràn a sì fi í tọrẹ, kìkì kí ẹni tó gbà á san owó ìyípadà orúkọ. Bí ó bá di dandan kí ẹ ní irú ìwé yìí, ẹ lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ti sú, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà àǹfààní tó ń bá orúkọ tuntun lọ àti èyí tó ń kú mọ́ ti olówó rẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ kọ òru tí ẹ sùn nínú ọkọ̀ yín ní ọdún tó kọjá sílẹ̀, ibi tí ẹ sùn sí, àti iye tí ẹ san. Ẹ fi máàpù àwọn ibùdó ẹgbẹ́ náà lé e lórí, kí ẹ ka kìkì òru tó bọ́ sí ibì kan náà. Bí iye tí ẹ san fún àwọn òru yẹn kò bá tó owó ìwé, ẹ fi ìwé náà sílẹ̀. Ẹni tí kò bá sì tíì fi RV rẹ̀ ṣe odindi ọdún kan, kó má fọwọ́ sí ìwé kankan tó ju ti ọdún kan lọ, bó ti wù kí ẹ̀dínwó òní náà pọ̀ tó.